Ìdíkọ̀ Tí Ọmọ Kan Ti Ń Wọkọ̀

Ẹ BI TÍṢÀ. Tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé Kakuri ní Kàdúná, ló ń dáhùn ìbéèrè yín.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà wa, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí o. Wọ́n tún ti gbé ìtàn kan dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa. Wọ́n ní nílẹ̀ Jàpáànù, àwọn onírélùwéè fẹ́ ti ìdíkọ̀ kan pa, wọ́n wá rí i pé ọmọdébìnrin kan ṣoṣo ló ń ti ibẹ̀ wọkọ̀ lọ sílé ìwé, ni wọ́n bá fi ìdíkọ̀ náà sílẹ̀ fún un títí tó fi jáde ìwé. Pásítọ̀ fi ṣe ìwàásù, gbogbo ìjọ ń ké háà. A délé, ọkọ mi ní irọ́ ni, pé kò sí olówò tó ń ṣòwò bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú la ti ń fà á. Èwo ni òótọ́? Kí sì lorúkọ ìdíkọ̀ náà gan-an? — Ìyá Ìbejì, Kubwa, Abújá.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì kó fọwọ́ wọ́nú ná. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò rí bí wọ́n ṣe ń pín in kiri. Àwa tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, tá a bá gbọ́ irú ìtàn báyìí, orúkọ ìdíkọ̀ la kọ́kọ́ ń bèèrè, bí ẹni ń bèèrè orúkọ bàbá ọmọ.

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016 ni ìtàn yẹn ti ń káàkiri ayé, Kami-Shirataki ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sínú rẹ̀. Kì í ṣe ibẹ̀. Kyu-Shirataki ni ọmọ náà ti ń wọkọ̀. Ìlà ojú irin kan náà làwọn méjèèjì wà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì tì wọ́n pa, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn pa wọ́n pọ̀. Orúkọ wọn náà dá kún un. Shirataki ni omi funfun tó ń dà wálẹ̀ lórí àpáta. Kami ni òkè, Shimo ni ìsàlẹ̀, Oku ni inú lọ́hùn-ún, Kyu ni ti àtijọ́. Shirataki márùn-ún ló tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà yẹn nígbà kan: ti inú lọ́hùn-ún, ti òkè, Shirataki fúnra rẹ̀, ti àtijọ́, ti ìsàlẹ̀. Bí ilé olórogún. Ti inú lọ́hùn-ún ti kúrò lára ibi tí èrò ti ń wọkọ̀ láti 2001.

Hokkaido ni gbogbo wọn wà, erékùṣù ńlá tó wà lókè Jàpáànù pátápátá. Sekihoku lorúkọ ìlà ojú irin náà, kìlómítà 234, láti ẹ̀gbẹ́ Asahikawa gba àárín òkè dé Abashiri létí òkun.

Mo mọ apá ibẹ̀ díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin kàwé ní Yunifásítì Hokkaido ní Sapporo, òun ló sì ní kí n wá kí òun ní oṣù kejì ọdún 2014. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe ọyẹ́ Kàdúná ní òtútù, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Mo wọ ṣòkòtò mẹ́ta léra wọn, mo tún de fìlà abetí ajá lé fìlà onírun lórí. A wọ ọkọ̀ ayára tó ń jẹ́ Okhotsk láti Sapporo lọ sí Abashiri, ó ju wákàtí márùn-ún lọ, kí n lè fojú mi rí yìnyín tó ń léfòó lójú òkun. A kọjá ní Kyu-Shirataki. Mi ò rí i. Ọkọ̀ ayára kì í dúró níbẹ̀, igi àti yìnyín nìkan ni mo rí lójú fèrèsé, àfi nígbà tí mo padà délé tí ìtàn yìí wá ń jà ràn-ìn lẹ́yìn ọdún méjì ni mo tó mọ̀ pé mo ti gba ẹ̀yìnkùlé ọmọ yẹn kọjá.

Àmọ́ mo rí nǹkan kan ní Engaru, ìlú tí ilé ìwé ọmọ náà wà. Ọkọ̀ wa dúró níbẹ̀, ni gbogbo èrò bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé a ti dé ni, mo ti ń na ọwọ́ sí báàgì. Ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú wa fi ẹsẹ̀ tẹ irin kan nídìí ìjókòó rẹ̀, ó di apá ìjókòó náà mú, ìjókòó ẹlẹ́ni méjì ni o, ó sì yí i po bí ẹni ń yí ìkòkò lórí ààrò. Ibi tó kẹ́yìn sí tẹ́lẹ̀ ló wá dojú kọ. Ó wojú mi, ó rí i pé mo dúró bí òpó, ló bá wá fẹsẹ̀ tẹ tiwa náà, ó yí i fún wa, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó padà lọ jókòó. Ọkọ̀ gbéra. Ibi tá a gbà wọlé ló tún gbà jáde.

Ọmọ mi ló là á yé mi. Ojú irin mìíràn tó ń jẹ́ Nayoro ti wọ Engaru kí apá ìlà Sekihoku tó ń bọ̀ láti Shirataki tó wá fi ẹ̀gbẹ́ gún un. Ní 1989 wọ́n ká ojú irin Nayoro kúrò. Apá méjì tó ṣẹ́ kù, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọ ìdíkọ̀, nítorí náà ọkọ̀kọ́kọ̀ tó bá wọlé gbọ́dọ̀ fi ìdí jáde. Ojú irin tó ti kú fún ọdún 25 ló ṣì ń lé èèyàn dìde níjòókòó. Bàbá mi tó jẹ́ pọ́ìǹtìmáànù, ẹni tó ń yí irin kí ọkọ̀ lè yà sí ọ̀nà mìíràn, ìbá gbádùn ìyẹn ju gbogbo yìnyín tí mo lọ wò lọ.

Ilẹ̀ tí ojú irin yẹn gbà kọjá, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ kí irin tó dé. Ní Abashiri, wọ́n ti sọ ẹ̀wọ̀n àtijọ́ di ilé ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ibẹ̀ ni mo ti kà á pé ní 1891, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kó lọ la ọ̀nà inú igbó láti Abashiri lọ sí ọ̀nà Asahikawa. Ó ju ẹlẹ́wọ̀n 200 lọ tó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo dúró síwájú àkọlé yẹn pẹ́. Ojú irin Baro sí Kánò tí wọ́n ṣe láàárín 1907 sí 1911 ló wá sí mi lọ́kàn, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ní kí ọba kó wá fi ṣọ́bìrì àti agbọ̀n gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn tiwa kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n lórúkọ.

Lẹ́yìn ọ̀nà ni àgbẹ̀ dé. Ní 1912, Morihei Ueshiba, ẹni tó wá dá ìjàkadì aikido sílẹ̀ nígbà tó yá, kó ìdílé púpọ̀ láti Wakayama nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún wá dáko ní Shirataki. Ọkọ̀ ojú irin ò dé ọ̀dọ̀ wọn títí di 1929, láti apá Engaru. Ní 1932 ni wọ́n tó lu òkè já kí ìlà náà tó so pọ̀ mọ́ apá Asahikawa. Kyu-Shirataki ni àbúrò gbogbo wọn. 11 oṣù kejì 1947 ló bẹ̀rẹ̀, ogun ò tíì parí tó ọdún méjì, wọn ò sì pè é ní ìdíkọ̀ rárá. Ibi ìdúró onígbà díẹ̀ ni wọ́n pè é, ó sì fi 40 ọdún jẹ́ onígbà díẹ̀. Nígbà tí ìjọba Jàpáànù pín rélùwéè rẹ̀ sí iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1 oṣù kẹrin 1987, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ìdíkọ̀. Ọjọ́ ìpín ogún ló tó di ọmọ ilé.

Ẹ má ro ibi ńlá. Ilé pákó kékeré kan ni, àti pèpéle kan ṣoṣo. Kò sí òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Kóòṣì kan ṣoṣo tó ní ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ̀lì tirẹ̀ ló ń wá, dírẹ́bà kan ṣoṣo, kò sí gáàdì. Tó o bá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, wàá fa ìwé pélébé kan yọ nínú àpótí tó wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìdíkọ̀ tó o ti wọlé ló wà lára rẹ̀. Tó o bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wàá lọ síwájú, wàá wo pátákó tó wà lókè orí dírẹ́bà, iye tó bá nọ́ńbà rẹ mu ni wàá jù sínú àpótí owó. Ẹni tó ní káàdì ìwọkọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ á kàn fi han dírẹ́bà, á sọ̀ kalẹ̀. Mo ronú bí irú ètò bẹ́ẹ̀ á ṣe rí ní Kàdúná, mo bá rẹ́rìn-ín nìkan.

Ọkọ̀ mẹ́rin ló ń dúró ní Kyu-Shirataki lójúmọ́ nígbẹ̀yìn: ẹyọ kan láàárọ̀ tó ń lọ sí Engaru, mẹ́ta tó ń gba ibẹ̀ padà lẹ́yìn ọ̀sán. Kami-Shirataki ló ní ẹyọ kan ní lílọ àti ẹyọ kan ní bíbọ̀, ìyẹn ni wọ́n gbé wọnú ìtàn WhatsApp tó fi dà bíi pé wọ́n to ọkọ̀ náà mọ́ agogo ilé ìwé ọmọ kan. Ẹ ṣáà wò ó: tí ọmọ náà bá sùn gbàgbé láàárọ̀, ó ti jókòó sílé nìyẹn.

Ó wá ku ìdí tí wọ́n fi tì í. Èrò ò sí mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Sapporo, àwọn arúgbó ti ń kú, rélùwéè Hokkaido sì ti ń pàdánù owó tipẹ́. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹta, ni rélùwéè Jàpáànù máa ń yí ìwé àkókò ọkọ̀ padà. Oṣù kẹta yẹn náà ni ọdún ẹ̀kọ́ wọn ń parí. Wọ́n ti kéde láti ọdún tó ṣáájú pé ìwé àkókò tuntun ò ní ní Kyu-Shirataki nínú, Kami-Shirataki àti Shimo-Shirataki bákan náà. 26 oṣù kẹta 2016 ni ìwé tuntun bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ti parí ìwé rẹ̀ lóṣù yẹn. Ọ̀nà méjèèjì pàdé ní oríta kan, ayé sì sọ ọ́ di ìtàn àánú.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, 26 oṣù kẹta 2016, ni ọkọ̀ ojú irin asáré-bí-ọta, Shinkansen, kọ́kọ́ dé Hokkaido. Inú ìwé àkókò kan náà ni wọ́n ti kí ìyàwó tuntun káàbọ̀, tí wọ́n sì ti sin arúgbó. Oṣù mẹ́rin géérégé lẹ́yìn rẹ̀, 26 oṣù keje 2016, ni wọ́n ṣí ojú irin tiwa láti Abújá sí Kàdúná, tó gba Kubwa yín kọjá. Mo gé ìwé ìròyìn ọjọ́ náà, ó ṣì wà nínú dúróà mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti àwọn tó wà láàárín pa, ọkọ̀ tó bá kúrò ní Kamikawa lápá Asahikawa, kìlómítà 37.3 ló máa rìn kó tó tún rí ìdíkọ̀ ní Shirataki. Kò sí èyí tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìdíkọ̀ méjì lórí gbogbo ìlà tí kì í ṣe ti Shinkansen, lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n pín rélùwéè sí ní 1987.

Bàbá Ìbejì wá jàre níbi tó ní olówò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, òwò kọ́ ló mú ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Pásítọ̀ náà jàre díẹ̀, nítorí ọkọ̀ náà ń dúró lóòótọ́, lójoojúmọ́, nínú yìnyín, fún ọmọ yẹn àti ìwọ̀nba èèyàn. Ibi tí mo ti yà sọ́tọ̀ sí àwọn méjèèjì nìyí, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ màmá mi sọ ọ́.

Ìdíkọ̀ kékeré kan láàárín Mínnà sí Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà, ló ń yí pọ́ìǹtì níbẹ̀. Màmá mi ń ta àkàrà. Alẹ́ ló ti ń rẹ ẹ̀wà, tí ilẹ̀ bá mọ́ a bó o, a lọ̀ ọ́, a máa fi ọmọrí odó lù ú nínú abọ́ títí á fi wú. Kì í da nǹkan kan sínú epo o. Á jókòó ti agbada, etí rẹ̀ á wà ní tésàn. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní ìdíkọ̀ tó ṣáájú tiwa, wọn á lu agogo. Agogo yẹn ni màmá mi ń fi da àkàrà. Ó mọ iye ìgbà tó máa yí i kí ẹ́ńjìnnì tó yọ lẹ́yìn igi mángòrò, èyí tó bá kọ́kọ́ dé etí fèrèsé ọkọ̀ á ṣì máa ta sí ẹni tó rà á lọ́wọ́. "Ga ƙosai, mai zafi!" Àkàrà rèé, ó gbóná! Èdè Hausa tó kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, ó sì pẹ́ kó tó gbọ́ òmíràn.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́. Ó fi wákàtí pẹ́, ó fi ọjọ́ pẹ́, ó wá ń fi ọ̀sẹ̀ pẹ́. Bàbá mi ti kú nígbà yẹn, èmi ti ń kọ́ni ní Zaríà. Mo wálé ní ọlidé kan, mo bá màmá mi tó ń ṣa ẹ̀wà lójú fìtílà. Mo ní, "Màmá, ọkọ̀ ṣì ń wá ni?" Ó ní, "Ta ló sọ pé kò ní wá mọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Agolo mílíìkì kan péré ló ń rẹ nígbà yẹn, tí agogo ò bá dún títí ọ̀sán, àwa àti àwọn ọmọ àdúgbò la ó jẹ ẹ́. Mo ti jẹ àkàrà tí kò rí ọkọ̀ wọ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi ń yún mi.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Ká ní ẹnì kan wá lẹ bébà mọ́ ògiri tésàn pé ọjọ́ báyìí ni ọkọ̀ ìkẹyìn, inú rẹ̀ á bàjẹ́, àmọ́ ì bá ti gbé agbada rẹ̀ lọ sójú títì mọ́tò kí àwọn ẹlòmíràn tó gba ibẹ̀ tán. Nígbà tó máa fi débẹ̀, ibi gọ́tà ló rí.

Ìyá Ìbejì, ìyẹn ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ Kyu-Shirataki tí WhatsApp ò rí. Wọ́n sọ ọjọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ sì ń dé ní àkókò rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ, kò ku ọjọ́ kan, kò lé ọjọ́ kan. Àwọn èèyàn rí àyè wá ya fọ́tò, wọ́n sì rí àyè dágbére. Ẹ pín ẹjọ́ náà sí méjì, ẹ̀yin àti Bàbá Ìbejì, kí ẹ lọ jẹun.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, alurinmọ́ ni mí ní Mínnà. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù mi sọ pé ojú irin wa àtijọ́ àti ti àwọn ará Jàpáànù, ìbú kan náà ni. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn tí ọkọ̀ wọn ń sáré bí afẹ́fẹ́! Ẹ dá wa lẹ́jọ́. — Alurinmọ́ Bosso Road.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, oníbàárà rẹ jàre. Mú téèpù rẹ, lọ wọn ojú irin tó wà ní Mínnà níbẹ̀, láti inú irin kan sí inú irin kejì. Wàá bá ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íńṣì 6, mìlímítà 1,067. Bó o bá lọ sí Kyu-Shirataki tí mo ń sọ yẹn, 1,067 ni. Apá tó pọ̀ jù nínú ojú irin Jàpáànù, 1,067 ni.

Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá fún àwa méjèèjì. Edmund Morel, ẹnjiníà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀gá ẹnjiníà àkọ́kọ́ tí rélùwéè Jàpáànù ní, nígbà tó sì kú ní 1871, wọn ò tíì ṣí ìlà àkọ́kọ́ wọn. 14 oṣù kẹwàá 1872 ni wọ́n tó ṣí i, láti Shimbashi ní Tokyo lọ sí Yokohama, nǹkan bíi kìlómítà 29. Irin tóóró náwó kéré, ó sì rọrùn láti yí kọ́nà òkè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á. Okuma Shigenobu tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nínú ìjọba wọn kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiwa láti Èkó ní 1896, irin tóóró kan náà ni wọ́n tẹ́, òun ló gba Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bbà dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ìlà àkọ́kọ́ tí àwọn ará Jàpáànù ṣe yẹn, mo fẹ́ kí alurinmọ́ gbọ́ èyí. Àwọn ológun kọ̀, wọn ò fún rélùwéè ní ilẹ̀ tó wà létí òkun ní Takanawa. Kí làwọn ẹnjiníà ṣe? Wọ́n fi òkúta mọ odi sínú òkun, wọ́n tẹ́ irin lé e lórí, ọkọ̀ wá ń gba àárín omi kọjá, omi lọ́tùn-ún, omi lósì. Nígbà tó yá, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ kún òkun náà, odi yẹn sì wọlẹ̀. Ní 2019 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé níbẹ̀, wọ́n bá òkúta ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe tò ó.

Èyí tó ń sáré bí afẹ́fẹ́, ojú irin ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe fún un, mìlímítà 1,435, tí wọ́n ṣí ní 1 oṣù kẹwàá 1964. Ìyẹn náà sì ni ìbú ojú irin Abújá sí Kàdúná. Tiwa ò kàn tíì máa sáré bíi tiwọn ni, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sáré, kó ṣáà dé. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ihò abẹ́ òkun Seikan tó gùn tó kìlómítà 53.85, tó so Hokkaido pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ńlá. Irin mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, kì í ṣe méjì, kí tóóró àti gbòòrò lè jọ máa gba ibẹ̀: irin kan ni àwọn méjèèjì ń lò pọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnì kejì tirẹ̀.

Bí ẹnìkan bá tún sọ fún ọ pé Nàìjíríà ò ní oríṣi kẹta rí, sọ fún un pé Zaríà sí Jos ní tirẹ̀ nígbà kan, ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íńṣì 6 péré. Wọ́n ti ká a kúrò kí ìwọ tó dáyé.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mo wà ní kíláàsì JSS 2. Mo sọ fún dádì mi pé ológbò kan ti jẹ ọ̀gá ìdíkọ̀ rélùwéè rí ní Jàpáànù, wọ́n ní irọ́ funfun báláú ni. A ta tẹ́tẹ́ súyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn. — Ọmọ Gwarinpa, Abújá.

ÌDÁHÙN: Ọmọ dáadáa, ìdíkọ̀ Kishi ni, ní Wakayama, níbi tí ìlà Kishigawa tó gùn ní kìlómítà 14.3 parí sí. Iléeṣẹ́ tó ní ojú irin náà tẹ́lẹ̀ ń pàdánù, ó fẹ́ jáwọ́, àwọn ará ìlú pariwo, iléeṣẹ́ mìíràn sì gbà á ní oṣù kẹrin 2006. Àwọn wọ̀nyẹn ò lówó tí wọ́n fi máa san owó oṣù òṣìṣẹ́ ní Kishi, wọ́n kó wọn kúrò. Ológbò aláwọ̀ mẹ́ta kan, Tama, tó ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdíkọ̀ náà, ni wọ́n wá fi jẹ ọ̀gá ibẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2007. Wọ́n rán fìlà iṣẹ́ fún un. Oúnjẹ ológbò ni owó oṣù rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó kó máa kí èrò, èrò sì ń wọ́ wá láti òkèèrè. Ní 2010 wọ́n tún ilé ìdíkọ̀ náà kọ, òrùlé rẹ̀ rí bí ojú ológbò, pẹ̀lú etí méjèèjì.

Tama kú ní 22 oṣù kẹfà 2015, ọmọ ọdún 16. Wọ́n sìnkú rẹ̀ bí ẹni ń sin ìjòyè, wọ́n sì kọ́ ojúbọ kékeré fún un síbẹ̀. Ológbò mìíràn tó ń jẹ́ Nitama ló jẹ oyè lẹ́yìn rẹ̀, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Tama kejì.

Sọ fún dádì rẹ pé èmi ni mo ní kí wọ́n lọ ra súyà. Kí mallam gé e wẹ́wẹ́, kó má fi yájì ṣahun, àlùbọ́sà tútù ni kí ó kó lé e.